Kóńgò ta ni wọ́n fi wọn ọpọlọ wa?

1. Ẹ ti rí máàpù yẹn. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí i rí. Kì í pẹ́ kí ẹnìkan tún tó gbé e jáde: máàpù gbogbo ayé, tí wọ́n kun orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀, wọ́n ní "IQ" àwọn ará ibẹ̀ nìyẹn. Tiwa ní Nàìjíríà kì í sábà tó 70. Ẹ wá lọ wo ohun tí àwa fúnra wa ń kọ sábẹ́ ẹ̀. "Abájọ." "Wọn ò parọ́ o." "Ẹ ṣáà wo àwọn tó ń ṣèjọba wa." A ó rẹ́rìn-ín, a ó kọjá.

2. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí. Torí ọ̀dọ́ tó bá ti gbà pé ọpọlọ òun ò pé látilẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ní láti dè é mọ́lẹ̀ mọ́. Ó ti de ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀: IQ kì í wọn ọpọlọ bí òṣùwọ̀n alápatà ṣe ń wọn ẹran. Kóńgò ni. Ẹnìkan ló ṣe é, ó ní ohun tó fẹ́ fi wọ̀n, ó sì ní ọjà tí wọ́n ti ń lò ó. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n fi wọ̀n yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè: kóńgò ta ni?

3. Ẹni tó bá ti ra gàárì lọ́jà rí mọ kóńgò. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe sí i: wọ́n á lu ìdí ẹ̀ wọnú. Ẹ fi kóńgò yẹn wọn gàárì lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà lẹ máa rí lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò yẹ̀ rárá. Àmọ́ irọ́ ló ń pa. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àwọn tí a ń pè ní psychologist, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìbéèrè méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ bi ìdánwò yòówù tí wọ́n bá ṣe. Èkíní: bí ẹnìkan bá ṣe é lónìí, tó tún ṣe é lóṣù tó ń bọ̀, ṣé èsì á jọra? Èkejì: ṣé ohun tí ẹ ní ó ń wọ̀n yẹn náà ló ń wọ̀n lóòótọ́? Ìdánwò lè yege nínú èkíní kó sì gba òdo nínú èkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì máa padà sí i.

4. Ibo ni kóńgò yìí ti wá? Paris. Ní 1904, ìjọba Faransé gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ iléèwé ò yé. Alfred Binet wà lára wọn. Ní 1905, òun àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde, ọgbọ̀n iṣẹ́ kéékèèké tó ń le sí i bó ṣe ń lọ: kí ọmọ fojú tẹ̀ lé iná ìṣáná tó ń rìn, kó dárúkọ ohun tó wà nínú àwòrán, kó tún nọ́ńbà mẹ́ta tó gbọ́ pè. Ohun tí Binet fẹ́ ò ju kí wọ́n mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́. Kódà, ó kọ̀wé bá àwọn tó ń sọ pé ọpọlọ ọmọ ò lè kọjá bí wọ́n ṣe bí i wí. Ẹ̀kọ́ tó dáa lè mú kó gòkè, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

5. Nọ́ńbà wá wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1912, William Stern, ará Jámánì, ní kí wọ́n mú ọjọ́ orí tí iṣẹ́ ọpọlọ ọmọ bá dé, kí wọ́n fi ọjọ́ orí tí ọmọ náà jẹ́ gan-an pín in. Ní 1916, Lewis Terman ní yunifásítì Stanford fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ ọdún 8 tó bá ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún 10: 10 ÷ 8 × 100 = 125. IQ nìyẹn.

6. Wọn kì í ṣe é báyẹn mọ́. Láti ìgbà David Wechsler, ní 1939, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á kó ọ̀pọ̀ èèyàn tí ọjọ́ orí wọn jọra jọ, wọ́n á fún wọn ní ìdánwò, wọ́n á pe àárín èsì wọn ní 100, wọ́n á wá wo bí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí àárín yẹn tó. Nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn èèyàn ló máa bọ́ sáàárín 85 àti 115. Ẹ kíyè sí i o. 100 yẹn kì í ṣe iye nǹkan kan tó wà nínú agbárí. Àyè lórí ìlà ni. Ó ń sọ ibi tí o dúró sí láàárín àwọn tí wọ́n fi ọ́ wé. Bí wọ́n bá kó àwọn mìíì wá kí wọ́n fi ọ́ wé, nọ́ńbà ẹ á yí, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ ẹ ò kúrò níbi tó wà.

7. Ẹ jẹ́ ká dé Amẹ́ríkà. Ní 1917, nígbà tí wọ́n wọ ogun àgbáyé kìíní, Robert Yerkes àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ogun ní ìdánwò ọpọlọ. Nǹkan bíi 1,700,000 ọkùnrin ló ṣe é. Ìbéèrè kan ní: Crisco jẹ́ kí ni, oògùn ni àbí oúnjẹ? Òmíì béèrè ohun tí Christy Mathewson fi lórúkọ. Agbábọ́ọ̀lù baseball ni. Àwọn tí ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì gba èyí tó jẹ́ àwòrán. Ọ̀kan lára ẹ̀ ni pápá tẹ́níìsì: kí ni kò sí níbẹ̀? Nẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wá rò ó wò, àgbẹ̀ láti Ítálì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí kò rí pápá tẹ́níìsì rí láyé ẹ̀. Ọpọlọ ẹ̀ lẹ wọ̀n ni, àbí iye ọjọ́ tó ti lò ní Amẹ́ríkà?

8. Èsì yẹn fúnra ẹ̀ tú àṣírí. Bí àjèjì bá ṣe pẹ́ ní Amẹ́ríkà tó, bẹ́ẹ̀ ni máàkì ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èmi ni kí n sọ fún yín pé ọdún ló ń kọ́ wọn ní ìbéèrè? Àmọ́ Carl Brigham, tó fi èsì yìí kọ̀wé ní 1923, ní rárá, àwọn àjèjì tó kọ́kọ́ dé ló gbọ́n ju àwọn tó ń dé báyìí lọ, pé ìran kan ni ọpọlọ ẹ̀ pé ju ìran kejì. Ní 1930, òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síta pé ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yẹn ò dúró. Àmọ́ ọdún méje ti kọjá. Nọ́ńbà ti rìnrìn àjò dé ibi tí àtúnṣe ò lè bá a dé.

9. Ta ni nọ́ńbà yìí jẹ níyà? Ẹ gbọ́ ti Carrie Buck, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Virginia. Wọ́n fún un ní irú ìdánwò tí Terman tún ṣe láti ara ti Binet, wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀ ò ju ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n ní ti ìyá ẹ̀ náà ò pé. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kó má lè bímọ mọ́. Wọ́n sì ṣe é. Ọmọ kan ṣoṣo tó ti bí ṣáájú, Vivian, wọ́n ní ọpọlọ tòun náà ò pé, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Vivian yìí wọ iléèwé, orúkọ ẹ̀ sì wà lára àwọn ọmọ tó ṣe dáadáa ní 1931, ọdún kan kó tó kú. Ohun tí Binet ṣe láti fi ran ọmọ lọ́wọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé e dé.

10. Ẹ jẹ́ ká wá sílẹ̀ wa níbí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Robert Serpell fún àwọn ọmọ kan ní Zambia àti àwọn ọmọ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ kan náà: ẹ wo èyí, ẹ ṣe irú ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pẹ́ńsù àti bébà, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó jẹ́ wáyà tí wọ́n máa tẹ̀, àwọn ọmọ Zambia fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ amọ̀, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Ṣé ẹ rí i? Àwọn ọmọ Zambia ti ń fi wáyà ṣe mọ́tò ìṣeré tipẹ́. Ká ní pẹ́ńsù nìkan ni Serpell gbé lọ ni, ìròyìn tó máa kọ wálé ni pé ojú inú àwọn ọmọ Áfíríkà ò ríran. Ká ní wáyà nìkan ló gbé lọ ńkọ́? Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ì bá di olódo.

11. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn Kpelle ní Làìbéríà. Joseph Glick kó ogún nǹkan síwájú àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, oúnjẹ, aṣọ, irinṣẹ́, ohun ìdáná, ó ní kí wọ́n to èyí tó bára mu pọ̀. Wọ́n gbé ọ̀bẹ ti ọsàn, torí ọ̀bẹ la fi ń gé e. Lójú àwọn tó ṣe ìdánwò, ìyẹn kéré, ó yẹ kí oúnjẹ wà pẹ̀lú oúnjẹ, kí irinṣẹ́ wà pẹ̀lú irinṣẹ́. Àwọn àgbẹ̀ yìí ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe máa tò ó nìyẹn. Wọ́n wá bi wọ́n pé, báwo ni òmùgọ̀ ṣe máa tò ó? Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n to oúnjẹ sọ́dọ̀ oúnjẹ, irinṣẹ́ sọ́dọ̀ irinṣẹ́. Gẹ́lẹ́ bí ìwé ìdánwò ṣe fẹ́ ẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò kàn rí ọgbọ́n kankan nínú ẹ̀ ni.

12. Kí làwa Yorùbá ń pè ní ọgbọ́n gan-an? Durojaiye, onímọ̀ ìrònú ọmọ Nàìjíríà, kọ nípa ẹ̀ ní 1993. Ohun tó tẹnu mọ́ ni ìjinlẹ̀: kéèyàn mọ bí a ṣe ń gbọ́ ju bí a ṣe ń sọ lọ, kó rí gbogbo igun ọ̀rọ̀, kó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ wo ẹnu wa náà: "Ó mọ̀wé, àmọ́ kò gbọ́n." Gbogbo wa la mọ ẹni tí gbólóhùn yẹn bá wí. A ní ìmọ̀, a ní òye, a ní ọgbọ́n, a ní làákàyè, kò sì sí èyí tó dúró fún èkejì. Ìdánwò tó ń ka ìṣẹ́jú, tó ní kó o yára, tó ní má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, apá kan péré nínú ìyẹn ló lè wọ̀n. Apá yẹn ṣe pàtàkì, mi ò jiyàn. Apá kan náà ni ṣá.

13. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí máàpù wa. Ìwé kan tí Richard Lynn àti Tatu Vanhanen gbé jáde ní 2002 ló bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n to IQ orílẹ̀-èdè 185 síbẹ̀. Àmọ́ 81 péré ni wọ́n rí èsì ìdánwò fún. 104 tó kù, wọ́n wo nọ́ńbà àwọn aládùúgbò, wọ́n fi díwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tún un kà. Èyí tó kéré jù nínú ìwé náà, Equatorial Guinea, 59, àwọn ọmọ tó wà ní Sípéènì ni wọ́n ti rí i. Ẹ fẹ́ wọn gàárì ní Ìbàdàn, ẹ lọ ń wọ̀n ọ́n ní Madrid.

14. Ní 2010, Jelte Wicherts àti àwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ tún gbogbo èsì tó wà fún ilẹ̀ wa ní gúúsù Sàhárà yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé Lynn yọ àwọn kan tó ga sílẹ̀ láìní ìlànà tó ṣe gúnmọ́. Tiwọn jẹ́ nǹkan bíi 80 lórí ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún béèrè ìbéèrè wa èkejì yẹn: ta ló fi hàn pé ohun kan náà ni ìdánwò yìí ń wọ̀n níbí àti lọ́hùn-ún? Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ pé 80 náà ṣì kéré. Ẹ dúró.

15. James Flynn kó èsì àwọn ará Amẹ́ríkà jọ láti 1932 sí 1978. Láàárín ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta yẹn, wọ́n fi nǹkan bíi máàkì 14 gòkè. Ó tún wo àwọn orílẹ̀-èdè mìíì, ohun kan náà ni. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ìran kan wọn ìran tó ṣáájú ẹ̀, àwọn bàbá àgbà á dà bí olódo. Ṣé òmùgọ̀ ni wọ́n? Àwọn ló la ọ̀nà, àwọn ló kọ́ ilé. Ohun tó yí padà ni ọdún tí ọmọ ń lò níléèwé, oúnjẹ tó ń jẹ, àìsàn tí kò ṣe é mọ́, irú iṣẹ́ tí ayé fi ń kọ́ni láti máa ronú. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí nọ́ńbà wa tó rẹlẹ̀, ẹ ka kíláàsì tí ò ní ìwé sí i. Ẹ ka ibà sí i. Ẹ ka ìyanṣẹ́lódì sí i. Ìyẹn la lè tún ṣe, ìyẹn ló sì yẹ kó máa bí wa nínú.

16. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ INFJ sínú bio yín, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn wá láti inú èrò Carl Jung ní 1921. Katharine Briggs àti ọmọ ẹ̀, Isabel Myers, ló sọ ọ́ di ìdánwò. Kò sí èyí tó kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ìrònú nínú àwọn méjèèjì. Ìyẹn nìkan ò bà á jẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ó fa ìlà sáàárín èèyàn. Ìwà dà bí gíga: àwọn tó ga fíofío ò pọ̀, àwọn tó kúrú gan-an ò pọ̀, àárín ni ọ̀pọ̀ wa wà. Bí ẹ bá fa ìlà sáàárín gan-an, ẹni tó fi bíńtín kọjá á di "I", ẹnìkejì ẹ̀ tí wọ́n jọ rí bákan náà á di "E". Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gba lẹ́tà tuntun bí wọ́n bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kóńgò tí kò lè wọn iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

17. "Àmọ́ ó bá mi mu!" Mo mọ̀. Ní 1948, Bertram Forer fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ní ìdánwò ìwà, ó wá fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní èsì tiẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ bó ṣe bá wọn mu sí, láti 0 dé 5. Àárín máàkì tí wọ́n fún un ju 4 lọ. Èsì kan náà ni gbogbo wọn gbà. Inú ìwé awòràwọ̀ kan ló ti ko ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé "o máa ń rẹ́rìn-ín láàárín èrò, àmọ́ ohun tó ń dùn ọ́ nínú, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n", ẹ wò ó bóyá kò ní sunkún.

18. Èyí tí àwọn onímọ̀ gbára lé jù ni wọ́n ń pè ní Big Five. Ní 1936, Gordon Allport àti Henry Odbert tú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ tó tó 18,000 tí a fi ń ṣàpèjúwe èèyàn. Àwọn mìíì tò ó, wọ́n tún un tò, títí ó fi ku márùn-ún: bí èèyàn ṣe fẹ́ràn ohun tuntun, bó ṣe ń fara balẹ̀ parí iṣẹ́, bó ṣe fẹ́ràn àárín èrò, bó ṣe ń gba ti ẹlòmíì rò, bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń tètè dàrú. Kò fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà, ìwọ̀n ló ń fún un, ó sì dáa ju ti INFJ lọ fíìfíì. Àmọ́ inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn Tsimane ní Bolivia, tí wọ́n bi àgbàlagbà 632, èsì wọn tó jáde ní 2013 ò rí márùn-ún yẹn. Méjì ló jọ pé ó yọjú: bí èèyàn ṣe ń ṣe dáadáa sí ẹlòmíì, àti bó ṣe ń tẹpá mọ́ṣẹ́.

19. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ da gbogbo ẹ̀ nù. Ìka ò dọ́gba, ìyàtọ̀ wà láàárín èèyàn, kò sì burú kéèyàn fẹ́ mọ̀ ọ́n. IQ máa ń sọ ohun tó jọ òótọ́ nípa bí ọmọ ṣe máa ṣe níléèwé. Ó máa ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ibi tí ìjàǹbá ti kan ọpọlọ aláìsàn. Ọmọ tí ìwé kíkà ń fún ní wàhálà, tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ pé ọ̀lẹ ni, ìdánwò tó dáa lè fi hàn pé ìrànlọ́wọ́ ló nílò, kì í ṣe pàṣán. Ohun tí Binet fẹ́ nìyẹn. Kóńgò tó ń ranni lọ́wọ́, mo fara mọ́ ọn. Èyí tó ń to èèyàn ní ipò bí àpò sìmẹ́ǹtì ni mo kọ̀.

20. Torí náà, ìwọ tó o ṣe aptitude test ilé iṣẹ́, ìbéèrè ogún ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ní o ò yege, tó o padà sílé tó o ń pe ara ẹ ní olódo: jọ̀ọ́, jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá máa ń ṣe dáadáa ju ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n yan èèyàn ń wá ọ̀nà láti dín èrò kù ni, wọn ò ráyè wo ọpọlọ ẹnì kankan. Ṣe àfidánrawò, padà lọ.

21. Nígbà mìíì tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà síwájú yín, ti orílẹ̀-èdè ni o, ti ọ̀rẹ́kùnrin yín ni o, ti ọmọ yín lọ́la ni o, ẹ béèrè: Ta ló ṣe é? Kí ló fẹ́ fi wọ̀n? Àwọn wo ni wọ́n fi wá wé? Bí wọ́n bá tún un wọ̀n, ṣé iye kan náà ni? Kí ni wọ́n fẹ́ fi èsì ẹ̀ ṣe? Bí wọn ò bá rí èyí dáhùn, ẹ gbé gàárì yín, kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ mìíì.

22. Ó kù síbì kan. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ni Allport bẹ̀rẹ̀ sí ńkọ́? Ṣé màrún-ún yẹn náà la máa bá? Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi: ìtìjú, sùúrù, àfojúdi, ọ̀yàyà, ahun, ojúkòkòrò, ìwà pẹ̀lẹ́, àṣejù. Ẹ bá mi fi kún un nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fún ìwà kan, pẹ̀lú irú èèyàn tó ń bá wí. Ẹ má dárúkọ ẹnì kankan o.